Service mi ń dìde, ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ló tún ń kú: kí ni Type= ń ṣe gan-an nínú fáìlì systemd?

Títí_Lágere · Ọjọ́ Ajé, 7:52 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí, ó ti ń dójú tì mí.

Mo ń bójú tó ẹ̀rọ kékeré kan ní ṣọ́ọ̀bù tí àwọn ọmọ ti ń fi ìdánwò orí kọ̀ǹpútà (CBT) dánra wò, ní Lágere níbí. Linux oríṣi Debian 12 ló wà lórí rẹ̀. Python ni wọ́n fi kọ prógráàmù ìdánwò náà. Ẹni tó kọ ọ́ ti rìnrìn àjò, fóldà kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún wa. PostgreSQL ló ń tọ́jú ìbéèrè àti máàkì. Bí iná bá lọ, tí bátìrì ínfátà náà sì tán, èmi ni mo gbọ́dọ̀ sáré lọ sídìí ẹ̀rọ láti tún prógráàmù tàn. Ni mo bá ní kí n kọ fáìlì fún un kó lè máa dá dìde lábẹ́ systemd, ìyẹn prógráàmù tó ń gbé àwọn service (prógráàmù abẹ́lẹ̀) dìde lórí Linux tó sì ń ṣọ́ wọn. Ara ti nginx, prógráàmù tó ń pín ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù, ni mo ti wò ó kọ:

```
[Unit]
Description=Idanwo CBT

[Service]
Type=forking
User=cbt
WorkingDirectory=/opt/cbt
ExecStart=/usr/bin/python3 /opt/cbt/app.py
Restart=on-failure

[Install]
WantedBy=multi-user.target
```

Ohun tó yà mí lẹ́nu rèé. Bí mo bá tẹ `systemctl start cbt`, àṣẹ náà á kàn dúró gbagidi, kò ní dá mi lóhùn. Síbẹ̀ ojú ìwé ìdánwò ń ṣí lórí fóònù mi! Àwọn ọmọ á wọlé, wọ́n á dáhùn ìbéèrè kìíní, ìkejì, ìkẹta. Tó bá wá di ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ géérégé, gbogbo rẹ̀ á kú mọ́ wọn lójú. Á tún dìde. Á tún kú. Àbíkú gidi. Lánàá, ọmọ kan bú sẹ́kún nítorí ó ti dáhùn ìbéèrè ìṣirò mẹ́wàá, wọ́n sì pòórá.

```
cbt.service: start operation timed out. Terminating.
cbt.service: Failed with result 'timeout'.
cbt.service: Scheduled restart job, restart counter is at 7.
```

Ta ló ń pa á?

---

Kọ́lá_Ọ̀pá · Ọjọ́ Ajé, 8:05 àárọ̀

Yọ forking kúrò, fi simple síbẹ̀. `systemctl daemon-reload`, kí o restart. Ó parí.

---

Títí_Lágere · Ọjọ́ Ajé, 8:19 àárọ̀

Yéè! Ó ti lé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá báyìí, kò kú. Kọ́lá, o ṣeun púpọ̀. Àmọ́ kò yé mi rárá.

---

Bàbá_Tẹ́míná · Ọjọ́ Ajé, 9:40 àárọ̀

Títí, àbúrò mi, má tíì lọ. Kọ́lá ti fún ọ lóògùn, kò sọ àrùn náà fún ọ.

Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé Type= ń sọ irú ohun tí prógráàmù kan jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè méjì ni systemd ń bi ọ́ níbẹ̀. Èkíní: ìgbà wo ni kí n kà á sí pé ó ti dìde? Èkejì: nínú gbogbo process (prógráàmù tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) tó bá jáde, èwo ni olórí tí n ó máa ṣọ́? Ohun tí o bá kọ ni yóò gbà gbọ́, kò ní yẹ̀ ọ́ wò. Bí o bá parọ́ fún un, irọ́ náà ni yóò fi dájọ́.

Forking wá láti ayé àwọn script inú /etc/init.d, bí a ṣe ń gbé service dìde kí systemd tó dé. Nígbà náà, prógráàmù tó bá fẹ́ máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ tú ara rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ tẹ́míná. Á bí ọmọ, ọmọ náà ni yóò máa bá iṣẹ́ lọ, bàbá á sì jáde. Ẹ mọ ohun tí àwọn àgbà wí nípa ọ̀gẹ̀dẹ̀, pé bó bá kú, ọmọ rẹ̀ ní í rọ́pò rẹ̀. Ikú bàbá yẹn gan-an ni àmì tí systemd ń retí. Bó bá ti rí i pé bàbá jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ó gbà pé ọmọ ti gba ilé, service ti dìde nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni nginx ń ṣe lórí Debian. Ó tilẹ̀ ń kọ nọ́ńbà process olórí (PID) sínú /run/nginx.pid kí systemd má bàa ṣi ẹni mú.

app.py tìrẹ kò bímọ kankan. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó sídìí iṣẹ́. systemd wá ń retí ikú bàbá tí kò ní kú. Ìdí nìyẹn tí ojú ìwé fi ń ṣí fún àwọn ọmọ náà: prógráàmù ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ lójú systemd, ó ṣì ń múra. Ìṣẹ́jú àáyá 90 ni TimeoutStartSec bí o kò bá fọwọ́ kàn án. Ó pé, ó pa á. Restart=on-failure tún gbé e dìde. O ń pè é ní àbíkú, àmọ́ èèyàn tó yá gágá ni wọ́n ń sin láàyè.

Bí o kò bá mọ èyí tí prógráàmù kan ń ṣe, lọ sí tẹ́míná kí o tẹ àṣẹ ExecStart náà fúnra rẹ. Bí àmì $ bá padà wá kíá, tí iṣẹ́ sì ń lọ lábẹ́lẹ̀, forking ni. Bó bá di tẹ́míná mú tí kò jẹ́ kí o tẹ nǹkan mìíràn, kì í ṣe forking. Àwọn kan wà tí a lè sọ fún pé kí wọ́n má tú ara wọn sílẹ̀. sshd, tó ń jẹ́ kí a wọ ẹ̀rọ láti òkèèrè, ní -D fún èyí, òun sì ni Debian ń lò. Bí irú rẹ̀ bá wà, lò ó, kí o gbàgbé forking. Èmi ò ti kọ forking tuntun fún ara mi láti bí ọdún mélòó kan.

---

ỌmọỌbòkun · Ọjọ́ Ajé, 1:15 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé. Ẹ jẹ́ kí èmi ará Iléṣà fi iyán ṣàlàyé simple, nítorí ó dára àmọ́ ó ní àléébù.

Ẹ wo ọmọ tó ń pe oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà bùkà kan nídìí ọjà Àtàkúnmọ́sà. Simple ni ọmọ tó rí i pé ìyá olóúnjẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àpótí láti lọ dáná, ló bá pariwo síta pé “Iyán ti délẹ̀ o!” Iṣu kò tíì wọ ìkòkò. Bóyá ìkòkò náà tilẹ̀ ti jò. Exec, Type mìíràn, ni èyí tó dúró títí ó fi rí ìkòkò lórí iná kó tó lanu. Notify ni èyí tí kò ní sọ nǹkan kan àfi bí ìyá fúnra rẹ̀ bá ké láti ilé ìdáná pé ó ti yá.

Mo dán an wò lálẹ́ àná. Mo kọ fáìlì tí ExecStart rẹ̀ tọ́ka sí prógráàmù tí kò sí níbì kankan. Pẹ̀lú simple, `systemctl start` padà láìsọ ohunkóhun, bí ẹni pé gbogbo nǹkan dára. Ìgbà tí mo wo status ni mo tó rí 203/EXEC, àmì pé kò rí prógráàmù náà ṣí. Mo yí i sí exec, ojú ẹsẹ̀ ló bú mọ́ mi.

Wàhálà tèmi wá rèé. Mo ní start.sh kan tó ń gbé prógráàmù méjì dìde, & ló kẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan (àmì tó ń rán àṣẹ lọ ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀), lẹ́yìn náà script parí. Simple ni mo kọ. Àwọn méjèèjì ń kú kí n tó ṣẹ́jú. Mo fi nohup síwájú wọn, pàbó ló já sí. Bí mo bá fọwọ́ ara mi tẹ start.sh ní tẹ́míná, wọ́n á wà láàyè dọ̀la.

---

Bàbá_Tẹ́míná · Ọjọ́ Ajé, 8:30 alẹ́

Ọmọ Ọbòkun, iyán yẹn wọlé. Ṣé ó kù díẹ̀ níbẹ̀?

O ti sọ fún systemd pé start.sh ni olórí. Olórí jáde, iṣẹ́ parí nìyẹn, ó wá gbálẹ̀. Gbogbo process tó bá ṣẹ́ kù nínú cgroup service náà (agbo tí systemd kó gbogbo process rẹ̀ sí) ló máa lé jáde, nítorí KillMode=control-group ni ó ń lò bí a kò bá sọ òmíràn. Ọ̀rọ̀ nohup kò kàn án: SIGHUP (àmì pé tẹ́míná ti pa dé) ni nohup ń dènà, SIGTERM (àmì pé kí ó jáde) ni systemd ń rán, bí wọn ò bá sì gbọ́ ìyẹn, SIGKILL tó ń pa á tipátipá. Ẹnìkan á wá sọ fún ọ pé kí o kọ KillMode=none. Má dá a lóhùn. Àwọn process tí kò ní alágbàtọ́ ni yóò kún ẹ̀rọ rẹ.

Ya wọ́n sí fáìlì méjì, kí olúkúlùkù ní service tirẹ̀, kí & kúrò níbẹ̀. Wàhálà ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Script tó ń ṣe nǹkan kan tán tó sì ń lọ sílé, bí èyí tó ń da ẹ̀dà database sórí díìsìkì mìíràn, oneshot ni Type tirẹ̀. systemd á dúró kó parí kó tó jẹ́ kí ẹni tó tò sẹ́yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò ní gbèdéke ìṣẹ́jú àáyá 90 yẹn, àfi bí o bá fi sí i. Òun nìkan náà ló lè ní ExecStart tó ju ẹyọ kan lọ.

Kí ẹnikẹ́ni tó bi mí: dbus ń dúró kí prógráàmù gba orúkọ rẹ̀ lórí bus. Idle ń fi ìbẹ̀rẹ̀ falẹ̀ díẹ̀, kì í ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ, kí ọ̀rọ̀ má bàa dàrú mọ́ra lójú tẹ́míná. Getty ló ń lò ó. Ẹ ò ní nílò rẹ̀.

---

Títí_Lágere · Ọjọ́rú, 8:11 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi, mo tún ti dé o. Iná lọ lóru, bátìrì tán, ilẹ̀ mọ́, iná dé. Ẹ̀rọ tàn. CBT ò tàn. Simple ló wà níbẹ̀!

```
cbt.service: Main process exited, code=exited, status=1/FAILURE
cbt.service: Failed with result 'exit-code'.
cbt.service: Scheduled restart job, restart counter is at 5.
cbt.service: Start request repeated too quickly.
```

Python ń sọ pé connection refused ní port 5432, ẹnu ọ̀nà PostgreSQL. Mo wo PostgreSQL:

```
$ systemctl status postgresql
     Active: active (exited)
```

Exited! Ṣé database ti kú ni? Àmọ́ bí mo bá lo psql, ó ń dá mi lóhùn. Bí mo bá sì fọwọ́ ara mi start cbt, ó dìde láìjanpata. Orí mi ti gbóná, àwọn ọmọ méjìlá ló ti jókòó ní ìta.

---

Kọ́lá_Ọ̀pá · Ọjọ́rú, 8:20 àárọ̀

ExecStartPre=/bin/sleep 30. Ohun tí èmi ń ṣe nìyẹn, kò já mi kulẹ̀ rí.

---

Bàbá_Tẹ́míná · Ọjọ́rú, 12:02 ọ̀sán

Kọ́lá, má bínú sí mi, àmọ́ lọ́jọ́ tí iná bá já lójijì tí PostgreSQL ń tún ara rẹ̀ ṣe kó tó ṣílẹ̀kùn, 31 ni yóò gbà á. Lọ́jọ́ tí kò bá sì sí nǹkan kan, o ti fi ìṣẹ́jú àáyá 28 ṣòfò.

Títí, exited tí o rí yẹn kì í ṣe òkú. Tẹ `systemctl cat postgresql` kí o fi ojú ara rẹ rí i:

```
[Service]
Type=oneshot
ExecStart=/bin/true
RemainAfterExit=on
```

Ṣé o rí /bin/true yẹn? Àṣẹ tí kò ṣe nǹkan kan láyé ju kó sọ pé “bẹ́ẹ̀ ni” kó sì jáde. Debian gbà kí PostgreSQL tó ju ẹyọ kan lọ wà lórí ẹ̀rọ kan, nítorí náà postgresql.service kàn jẹ́ orúkọ ilé. Àwọn tó ń gbé inú ilé náà ló ń ṣiṣẹ́. Tìrẹ ń jẹ́ postgresql@15-main. Wo status tirẹ̀, wàá rí running. RemainAfterExit ló ń sọ fún systemd pé: lóòótọ́ ó ti jáde, àmọ́ ẹ ṣì máa kà á mọ́ àwọn tó wà nílé. Èmi náà ń lò ó fún script ògiri ààbò mi. Script ti to òfin tán, ó ti lọ, àmọ́ mo fẹ́ kí ExecStop lè tú òfin náà lọ́jọ́ tí mo bá sọ pé stop.

Ohun tó ṣe ọ́ gan-an nìyí. O kò sọ fún systemd pé CBT ń tẹ̀ lé PostgreSQL. Ohunkóhun tí o kò bá tò, ńṣe ni ó ń tú wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ọmọ ilé ìwé nígbà tí aago bá lù. app.py sáré dé ẹnu ọ̀nà 5432, ilẹ̀kùn ti pa, ó kú. RestartSec kò ju 100 mílísẹ́kọ́ǹdù lọ bí o kò bá kọ tìrẹ, ó tún sáré lọ, ó tún kú. Bó bá pé ìgbà márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10, systemd á ká ọwọ́ rẹ̀ nílẹ̀, kò ní gbìyànjú mọ́. Nígbà tí PostgreSQL fi máa ṣílẹ̀kùn, ẹni tó ń kànkùn ti padà sílé.

```
[Unit]
Wants=postgresql.service
After=postgresql.service

[Service]
Type=exec
Restart=on-failure
RestartSec=5
```

Wants ló ń pè é wá, After ló ń tò ó. Bí o bá kọ After nìkan, kò pe ẹnikẹ́ni. Bí o bá kọ Wants nìkan, wọ́n á jọ sáré jáde ni. RestartSec=5 wà níbẹ̀ kó má bàa lo ìgbà márùn-ún rẹ̀ tán ní wàrà-wàrà.

Ibí yìí ni Type ti wá di ọ̀rọ̀ ńlá. After= kò sọ pé “lẹ́yìn tí PostgreSQL bá ti ṣe tán”. Ohun tó sọ ni “lẹ́yìn tí a bá ti kà á sí pé ó dìde”, Type ti PostgreSQL fúnra rẹ̀ ló sì ń pinnu ìyẹn. Ká ní simple ni wọ́n fi kọ postgresql@15-main ni, After rẹ kò bá má já mọ́ nǹkan kan. Forking ni wọ́n fi kọ ọ́, pg_ctlcluster ni bàbá, ó ń dúró wo ọmọ rẹ̀ kó tó jáde.

---

Àdùkẹ́_Void · Ọjọ́rú, 4:48 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n dá sí i. Ọwọ́ ara yín lẹ fi ń fa gbogbo èyí. Lórí Void Linux tí mo ń lò ní Modákẹ́kẹ́, runit ló wà níbẹ̀ dípò systemd. Fáìlì kan ṣoṣo, orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ run:

```
#!/bin/sh
exec 2>&1
cd /opt/cbt
exec chpst -u cbt python3 app.py
```

Type kankan kò sí. Prógráàmù gbọ́dọ̀ dúró níwájú, runsv ni bàbá rẹ̀. Bí ọmọ bá kú, bàbá mọ̀ lójú ẹsẹ̀, kò nílò fáìlì PID láti wá òkú ọmọ rẹ̀ kiri. D. J. Bernstein ti fi daemontools kọ́ wa ní èyí kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ systemd, tó jẹ́ pé 2010 ni Lennart Poettering àti Kay Sievers ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e jáde.

---

Bàbá_Tẹ́míná · Ọjọ́rú, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Àdùkẹ́, òótọ́ lo sọ lórí ọ̀rọ̀ pé kó dúró níwájú. Àmọ́ lórí ẹ̀rọ tìrẹ, ta ló ń sọ fún CBT pé database ti ṣílẹ̀kùn?

---

Àdùkẹ́_Void · Ọjọ́rú, 6:34 ìrọ̀lẹ́

Mo fi `sv check postgresql || exit 1` sókè nínú run. Bí kò bá tíì ṣí, á jáde, runsv á sinmi díẹ̀, á tún gbìyànjú. Òótọ́ ni pé mo gbọ́dọ̀ kọ script check fún PostgreSQL fúnra mi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí sv mọ̀ kò ju pé process wà láàyè lọ.

---

Bàbá_Tẹ́míná · Ọjọ́rú, 6:51 ìrọ̀lẹ́

O rí i? Type lo fọwọ́ ara rẹ kọ yẹn, inú script ló wà. Ìbéèrè náà kò sá fún ẹnikẹ́ni. s6-rc, tóun náà ń ṣe irú iṣẹ́ systemd, ní longrun, oneshot àti bundle. dinit, irú rẹ̀ mìíràn tí Davin McCall kọ, èyí tí Chimera Linux ń lò, ní process, bgprocess, scripted, internal àti triggered. bgprocess yẹn ni forking, ó sì ní dandan kí o fún un ní fáìlì PID. Scripted ni oneshot wọn.

Kí n má parọ́, ọ̀nà tí s6 ń gbà mọ̀ pé prógráàmù ti ṣe tán dùn mọ́ mi ju ti systemd lọ: kí prógráàmù kàn kọ ìlà òfìfo kan sínú fd (nọ́ńbà ọ̀nà tí prógráàmù ń gbà kọ nǹkan jáde) tí o bá yàn fún un. Àmọ́ Debian ni Títí ní lọ́wọ́, ẹ jẹ́ ká fi ohun tó wà nílé ṣọdún.

---

Títí_Lágere · Ọjọ́bọ̀, 9:03 àárọ̀

Ẹ̀yin àgbà, After àti Wants ti ṣiṣẹ́, mo reboot lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ku ọ̀kan. Mo ní service kejì, oruko.service, oneshot ni. curl ló fi ń kó orúkọ àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lónìí ránṣẹ́ sí app.py. After=cbt.service wà nínú rẹ̀. Àmọ́ app.py máa ń kó gbogbo ìbéèrè wọ inú mẹ́mórì kó tó ṣí port, ó ń gba bíi ìṣẹ́jú àáyá 20. curl dé ibẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni. Mo rántí bùkà, mo ní exec rí ìkòkò lórí iná ó sì ti pe oníbàárà. Mo bá yí Type cbt sí notify.

Ó tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní ìṣẹ́jú kan ààbọ̀!!! Ṣé ẹ̀gún ni?

---

ỌmọỌbòkun · Ọjọ́bọ̀, 9:30 àárọ̀

Kì í ṣe ẹ̀gún. O ní kó máa retí ìpè, o kò sì pè é.

Ṣé ẹ rántí àwọn òṣómàáló wa, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n ń tà á láwìn? Bí ọjọ́ owó bá pé, á wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ, á lóṣòó, kò sì ní nàró àfi bí owó bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Àlàyé kò wọ̀ ọ́ létí. Òṣómàáló ni notify, READY=1, ọ̀rọ̀ tí prógráàmù ń rán sí systemd pé òun ti ṣe tán, ni owó náà. app.py ń ṣiṣẹ́, ó ń lágùn, àmọ́ kò san kọ́bọ̀. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé systemd ní ìṣẹ́jú àáyá 90. Bàbá bàbá mi ò ní TimeoutStartSec, á lóṣòó níbẹ̀ di alẹ́ ni.

---

Bàbá_Tẹ́míná · Ọjọ́bọ̀, 10:12 àárọ̀

Mo rẹ́rìn-ín títí. Títí, owó náà rèé, kò gba kí o fi package kankan kún un:

```
import os, socket

def mo_ti_setan():
    ona = os.environ.get("NOTIFY_SOCKET")
    if not ona:
        return
    if ona[0] == "@":
        ona = "\0" + ona[1:]
    s = socket.socket(socket.AF_UNIX, socket.SOCK_DGRAM)
    s.sendto(b"READY=1", ona)
    s.close()
```

systemd ló ń fi ọ̀nà socket náà (ihò tí a ń gbà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i) sínú NOTIFY_SOCKET. Bí o bá fọwọ́ ara rẹ tẹ app.py ní tẹ́míná, kò ní rí i, á kàn padà láìṣe nǹkan kan. Ibi tí o bá ti pè é ló ṣe pàtàkì jù: lẹ́yìn tí ìbéèrè bá ti wọ mẹ́mórì tán, tí port sì ti ṣí. Bí o bá pè é lókè fáìlì, o ti sọ notify di simple, o tún fi wàhálà kún un.

Rí i pé app.py fúnra rẹ̀ ló rán an. Olórí nìkan ni systemd ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí Type bá jẹ́ notify. Bí ọmọ bá rán an, á kọ ọ́ sínú journal (ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀) pé òun rí i, kò sì ní kà á sí, àfi bí o bá kọ NotifyAccess=all.

---

Kọ́lá_Ọ̀pá · Ọjọ́bọ̀, 10:40 àárọ̀

Mo rí notify-reload níbì kan. Ṣé kò ní dára ju èyí lọ?

---

Bàbá_Tẹ́míná · Ọjọ́bọ̀, 10:55 àárọ̀

systemd 253 ló mú un dé. Tẹ `systemctl --version` lórí Debian 12, 252 ni wàá rí. Ọ̀kan péré ló fi kù. Ó wà lórí Debian 13. Exec ní tirẹ̀ ti wà láti 240, nítorí náà kò sí ẹni tó yẹ kó sọ pé òun ò rí i lò. Títí kò tilẹ̀ nílò reload (kí prógráàmù tún fáìlì ètò rẹ̀ kà láìkú), kò sí fáìlì ètò tó ń yí padà lọ́sàn-án gangan.

---

ỌmọỌbòkun · Ọjọ́ Ẹtì, 7:20 àárọ̀

Mo ti ya start.sh sí méjì. Wọ́n sùn, wọ́n sì jí. Ìgbà yìí ni mo tó mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn ti ń kú lálaalẹ́ láti oṣù tó kọjá, nítorí báyìí status ń sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Tẹ́lẹ̀, inú agbo ló ń fara pamọ́ sí.

---

Títí_Lágere · Ọjọ́ Ẹtì, 3:05 ọ̀sán

Ọ̀gá mi lọ sí Iléṣà lónìí, ni mo bá yọ wáyà ẹ̀rọ náà lára ògiri. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé reboot ti tó, ó kàn ń yún mi lọ́wọ́ ni. Mo tún kì í bọ̀ ọ́:

```
14:12:03 systemd[1]: Starting cbt.service - Idanwo CBT...
14:12:24 systemd[1]: Started cbt.service - Idanwo CBT.
14:12:24 systemd[1]: Starting oruko.service - Oruko oni...
14:12:25 systemd[1]: Finished oruko.service - Oruko oni.
```

Ẹ wo ìṣẹ́jú àáyá 21 tó wà láàárín Starting àti Started yẹn. Nígbà tó jẹ́ simple, mi ò rí Starting fún cbt rí. Started nìkan ló ń jáde, lójú ẹsẹ̀, bóyá ó ti dìde àbí kò tíì dìde. Ó wá lóṣòó fún ìṣẹ́jú àáyá 21, app.py sanwó, ó sì dìde.

Ọ̀gá mi dé ní agogo méjì ààbọ̀. Iná tún lọ, ó tún dé, mi ò dìde níbi tí mo jókòó. Ó wò mí títí, ó ní ṣé ara mi ò yá ni.